Ẹ̀gùn Tó Ga Jù Láyé àti Fèrè Tí Kò Dún

Ẹ̀yin tí ẹ pé síbí, ẹ jẹ́ kí ìdí ó jókòó dáadáa kí etí ó lè dìde dúró. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí dà bí ẹja àrọ̀: ó dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kánjú jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ ni yóò sọ ìyókù.

Ọkùnrin kan ń bẹ ní Òkè-Apá tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ ni, ọdẹ ló bí i, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju ìbọn rẹ̀ lọ. Bó bá pa ọ̀yà, yóò ti di ẹtu kó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Bó bá fi máa dé ọjà, ó ti di ẹfọ̀n. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ o. Irọ́ tirẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹran tó pa nìkan ló máa ń ga lójijì lẹ́yìn ikú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ọdẹ́jìnmí gun orí pèpéle tó wà lábẹ́ igi apá, níwájú ilé Olúọ́dẹ tó ti kú. Kò tíì wẹ̀, kò tíì jẹun, eruku ìrìn-àjò ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní:

“Ẹ̀yin ará Òkè-Apá! Èmi Ọdẹ́jìnmí, èmi tí mo gbá ẹkùn létí tó fi gbàgbé ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, mo ti ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kò dé rí dé! Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kò tíì kan etí kankan láti ìgbà tí etí ti ń bẹ lára orí. Bí ẹ bá rí etí kan ṣoṣo níbí tó ti gbọ́ ọ rí, ẹ mú ọ̀bẹ, kí ẹ gé tèmi méjèèjì!”

Lánihùn, tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta, fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Ó wo ẹni tó jókòó tì í. Àwọn méjèèjì gbé ojú sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí rò pé ìbẹ̀rù ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn yín kí a tó gun orí rẹ̀. Nígbà tí Olúọ́dẹ Ògúnsànyà, olórí gbogbo ọdẹ Òkè-Apá, ń kú lọ, ó na ọwọ́ sí ìbọn ṣakabùlà tó fi kọ́ ara ògiri, ó ní: “Ìbọn yìí kì í ṣe ti ẹni tó pa ẹran jù. Ọwọ́ ló ń pa ẹran. Ojú ló ń ṣọ́ ìlú. Ẹni tó bá gun ẹ̀gùn tó ga jù láyé, tó sì padà wá sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún gbogbo yín, òun ni kí ẹ fi joyè lẹ́yìn mi.” Ó fi ìbọn náà sí ìkáwọ́ ìyàwó rẹ̀, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Olúọ́dẹ, ó sì dákẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ẹ̀gùn. Ibùjókòó tí ọdẹ ń kàn sórí igi gíga ni, níbi tí yóò ti máa wo ẹran tó ń bọ̀. Ẹni méjì ló máa ń dẹ ẹ̀gùn ní Òkè-Apá: ọ̀kan á gun òkè, èkejì á dúró nídìí àkàbà. Ẹni òkè kò gbọdọ̀ sọ̀ títí ẹni ìsàlẹ̀ yóò fi fọn fèrè pé ewu ti kọjá. Bí fèrè bá sì dún, kò gbọdọ̀ dúró béèrè ìdí. Kó sọ̀ kíákíá. Ọdẹ tó bá sọ̀kalẹ̀ láìgbọ́ fèrè, ẹnu rẹ̀ ti wọ omi láàárín ọdẹ: kò lè joyè ọdẹ mọ́.

Ẹnìkejì Ọdẹ́jìnmí ni Àjàgbé. Wọ́n jọ kọ́ ọdẹ, wọ́n jọ mulẹ̀ lórí irin, etí àwọn méjèèjì ti mọ ohùn fèrè ara wọn bí ọmọ ti ń mọ ohùn ìyá. Nígbà tí wọ́n máa jáde nílé, Ọdẹ́jìnmí ní, “Àjàgbé, ẹni tó bá gùn ún nínú wa, àwa méjèèjì la gùn ún. Bí mo bá jókòó sórí àga Olúọ́dẹ, ọwọ́ ọ̀tún mi ni ìwọ.” Àjàgbé ní, “Bí èmi bá sì ni mo jókòó ń kọ́?” Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò rò ó rí.

Wọ́n jáde ní méjì. Ọdẹ́jìnmí padà ní ẹyọ kan, láìní àpò, láìní fèrè. Ó mọ ohun tí Àjàgbé ṣe fún òun, ṣùgbọ́n ó tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìtàn bí ẹni tó fi ẹran sí abẹ́ iyán. Ó dá a lójú pé ìtìjú kò ní jẹ́ kí Àjàgbé dé Òkè-Apá mọ́ láyé.

Àwọn nǹkan kan kàn rú u lójú díẹ̀. Nígbà tó wọ ìlú láàárọ̀, ńṣe ni àwọn obìnrin ń yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ìyàwó dà?” Ó rò pé Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n ń béèrè, ó ní ó wà nílé. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Nígbà tó sì délé, Àwẹ̀ró kò kúnlẹ̀, kò bu omi fún un. Ó ní, “Oúnjẹ? Lọ bá oníbọ̀wọ́ funfun kó rokà fún ọ.” Ọdẹ́jìnmí kò mọ ibi tí Àwẹ̀ró ti gbọ́ nípa ìbọ̀wọ́ funfun. Ó ní oorun ló ń dà á láàmú, ó sì lọ sí ìdí igi apá.

Gbogbo ìlú ló wá. Àwọn tó wà lóko ju ọkọ́ sílẹ̀. Ọ̀tún Ọdẹ, àgbà ọdẹ tó ń di ipò Olúọ́dẹ mú, jókòó sí iwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ìyá Olúọ́dẹ nìkan ni kò bọ́ sí àwùjọ. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ó sì kọ ojú sí ọ̀nà oko. Láti apá ibẹ̀, ọ̀bọ kan ké. Kò sẹ́ni tó yíjú.

Ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wọ Igbó Arìnlọ́sàn-án, níbi tí igi ti máa ń dìde rìn bí oòrùn bá kanrí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé iwin kan tí ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́. Bó bá pàtẹ́wọ́, á di afọ́jú. Bó bá ya ọwọ́, á tún ríran. “Kí lẹ ń wá?” Wọ́n ní ẹ̀gùn tó ga jù láyé. Iwin náà rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó sì fi orí gbá ìrókò nítorí kò ríran mọ́. Nígbà tí orí rẹ̀ balẹ̀, ó ní, “Mo lè gbé yín débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ga jù ni yóò rí ohun tí yóò dùn ún jù.” Ọdẹ́jìnmí ní kò sí ohun tó ń dun òun láyé àfi ẹran tó bá sá lọ. Iwin náà fẹ́ atẹ́gùn sí wọn lójú, wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n sì bá ara wọn ní ìlú kan ní ilẹ̀ Jàpáànù.

Ọ̀rẹ́ mi, ìlú ń bẹ! Ilé fi orí kan ìkùukùu. Ènìyàn pọ̀ bí eéṣú, síbẹ̀ a kò gbọ́ pìnpìn. Gbogbo wọn ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo iwájú, bí ẹni tó ti rí ẹran tí kò fẹ́ kó sá. Ọdẹ́jìnmí di ọwọ́ Àjàgbé mú. “Ọdẹ ni gbogbo ìlú yìí! Wo ẹsẹ̀ wọn. Wo bí ẹ̀gùn ṣe pọ̀!” Lóòótọ́, orí gbogbo ilé gíga ni wọ́n ṣe ibùjókòó sí, ènìyàn tò síbẹ̀, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Àjàgbé ní, “Ẹran wo ni wọ́n ń ṣọ́?” Ọdẹ́jìnmí ní kó dákẹ́, kí ẹran má baà gbọ́.

Ẹ̀gùn kìíní dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin bí erin tó ń mumi, ó pupa láti ìdí dé orí. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó rí àwọn ọdẹ, ó tẹríba. Ọdẹ́jìnmí náà tẹríba. Ọmọ ilé ire kì í gba ìkíni kó má dá a padà. Ọmọbìnrin náà tún tẹríba, ó tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọdẹ́jìnmí tẹ̀ títí ìdí ìbọn rẹ̀ fi yọ lókè èjìká bí ìrù àkekèé. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún.

“Àjàgbé,” ni Ọdẹ́jìnmí wí láti ìsàlẹ̀, “ọmọ yìí fẹ́ fi ìkíni pa mí.”

“Má jẹ́ kó borí rẹ o,” ni Àjàgbé wí. “Wọn kì í bí àìmọ̀kí nílé baba rẹ.”

Lórí pèpéle, Ọdẹ́jìnmí gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ará ìlú. “Mo wò ó pé ẹ̀yìn ọmọdé rọ̀ ju ẹ̀yìn àgbà lọ. Ìgbà tó ṣe, ni mo bá...”

“Dọ̀bálẹ̀ gbalaja!” ni àwọn obìnrin apá òsì parí rẹ̀ fún un.

Ọdẹ́jìnmí la ẹnu sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lélẹ̀, nítorí kò sí ibi tí ènìyàn tún lè tẹ̀ dé lẹ́yìn ilẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbà fún un, ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí irin kan. Àpótí náà gbé wọn mì ní ìsàlẹ̀, ó pọ̀ wọ́n sókè kí itọ́ ẹnu wọn tó gbẹ.

“Ẹ gbọ́n o,” ni Ọdẹ́jìnmí wí fún àwọn obìnrin. “Orí yín pé. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ ìkejì.”

Lánihùn wúkọ́.

Ẹ̀gùn kejì kò ní ilẹ̀. Dígí ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ ń kọjá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn bí ìkamùdù, ènìyàn ń kọjá bí èèrà tó ru yangan. Ohùn kan sì ń ti inú dígí náà wá, ó tutù bí omi àmù: “Ẹ máa kọjá, ẹ máa kọjá. Mo gba sanra, mo gba tínrín. Ẹni tó bá gbé nǹkan pamọ́ sínú nìkan ni mo máa ń jẹ́ kó já.”

Ọdẹ́jìnmí wo inú ara rẹ̀, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ebi. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Àjàgbé kò mira. Òógùn bò ó. “Ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè gbé ẹsẹ̀ lé ohun tí mi ò rí.” Ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ọdẹ́jìnmí rò pé ibi gíga ló ń bà á lẹ́rù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e pọ̀n, ó sì gbé e kọjá bí ọmọ ọwọ́. Ẹsẹ̀ Àjàgbé kò kan dígí náà rárá.

“Mo gbé e pọ̀n!” ni Ọdẹ́jìnmí kígbe lórí pèpéle, ó tẹ̀ síwájú bí abiyamọ. “Mo gbé e pọ̀n, ó ń sunkún sí mi lọ́rùn!”

Ẹ̀rín bú láàárín àwùjọ bí ìgbà tí àmù fọ́.

“Bàbá,” ni Lánihùn wí, “ẹ ti gbé e kọrí sódì. Ẹ̀yin lẹ sunkún. Ẹ̀yin ni Àjàgbé gbé pọ̀n.”

“Ta ni?”

“Àjàgbé. Kí òun náà tó fi ẹsẹ̀ tẹ dígí, ó kí i, dígí náà kí i padà.”

“Àjàgbé wo?”

“Àjàgbé mélòó la ní? Ìgbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ló ti dé. Orí pèpéle tí ẹ dúró sí yẹn ló ti sọ ọ́ fún wa, a sọ fún un pé kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní òun lòun gun ẹ̀gùn tó ga jù. Ó ní ẹ̀yin jókòó sísàlẹ̀, ẹ fẹ́ oníbọ̀wọ́ funfun, ẹ ní ẹ kò bọ̀ mọ́. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ la fẹ́ gbé ìbọn fún un.” Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan lápò, ó fi pá èékánná rẹ̀. “Bàbá, ọ̀rọ̀ etí yẹn ń kọ́?”

Ẹ wo Ọdẹ́jìnmí. Ìyẹn ni pé wọ́n ti jẹ ìtàn rẹ̀ tán, wọ́n sì ti fọ abọ́. Ojú obìnrin tó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀, ojú Àwẹ̀ró tí kò bu omi, gbogbo rẹ̀ wá tò sí ipò. Bí ikú ilé kò bá pa ni, t’òde kò lè pa ni. Ó wá Àwẹ̀ró láàárín èrò. Ó rí i. Àwẹ̀ró yí ojú sí ibòmíràn.

Níbẹ̀ ni ẹnìkan ti dìde lẹ́yìn èrò. Àjàgbé ni, ó dé fìlà tuntun.

“Ọ̀rẹ́ mi! Ẹ kú ìrìn o. Ìyàwó ń kọ́? Ṣé ó mọ òkèlè bù báyìí?”

Ẹ̀rín tún bú. Ọdẹ́jìnmí kò rín. Ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, “Ọ̀tún Ọdẹ, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá lè parí ìyẹn fún mi, kí Lánihùn máa bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀.”

Ọ̀tún Ọdẹ fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Sọ ọ́.”

Ẹ̀gùn tó kẹ́yìn ló ga jù. Ẹ̀gbẹ́ odò ló dúró sí, funfun bí egungun tí òjò ti fọ̀. Bàbá kan ń ṣọ́ ìdí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láìsí atẹ́gùn. Ó ní, “Ẹrù kì í gòkè níbí. Kí ọ̀kan gòkè, kí èkejì dúró ti ẹrù.” Ọdẹ́jìnmí ní, “Àjàgbé, ìwọ lọ.” Àjàgbé wo dígí tó yí orí ẹ̀gùn náà ká. Ó ní kí Ọdẹ́jìnmí lọ. Ó ní òun máa fọn fèrè. Ọdẹ́jìnmí bọ́ àpò rẹ̀ fún un, fèrè rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ta ni ìbá gbé e fún bí kò bá ṣe ẹni tí wọ́n jọ mulẹ̀?

Lókè, ojú irin kan dúró lórí ọ̀pá, ó pajú dé. Ọdẹ́jìnmí fi owó ẹyọ sí i lẹ́nu, ó tu ú jáde. Ó fi awẹ́ obì sí i, ó jẹ ẹ́, ó la ojú. “Kí lo fẹ́ rí?” ni ojú irin béèrè. Ọdẹ́jìnmí ní gbogbo ayé. Ó sì rí i! Ó rí ilé tó tò lọ títí bí ilẹ̀kẹ̀ tó já. Ó rí òkun. Ó rí òkè ńlá kan tó dá jókòó lókèèrè, ó dé fìlà funfun, bí àgbà tí wọ́n mú bínú ní ìpàdé tó sì ti pinnu pé òun kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí dùn ju oyin lọ, àdánìkànjẹ oyin sì máa ń korò. Ó ní fún ojú irin pé, “Yí mi sí ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ juwọ́ sí ọ̀rẹ́ mi.”

Lórí pèpéle, kò sẹ́ni tó ń parí ọ̀rọ̀ fún un mọ́.

“Mo rí i,” ni Ọdẹ́jìnmí wí. “Ó jókòó létí odò. Ó bọ́ fèrè rẹ̀ lọ́rùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò wo òkè. Ẹ̀yin ará ilé mi, ọdẹ ni Àjàgbé, kò sì wo òkè! Ó ju fèrè náà sómi, kó lè búra lọ́jọ́ kan pé òun kò rí fèrè fọn. Ó ṣan ọwọ́. Ó gbé àpò mi kọ́ èjìká, ó ń lọ. Mo pariwo, dígí dá ohùn mi padà fún mi. Mo lu dígí, àwọn tó wà níbẹ̀ tẹríba fún mi. Mo gun ibi tó ga jù láyé, ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi ni mo rí níbẹ̀.”

Àpótí irin ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè sáré sọ̀, ó lè lé e bá. Ṣùgbọ́n fèrè kò tíì dún. Ó jókòó. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tó máa fọn fèrè tó lọ, síbẹ̀ ó ń retí fèrè. Ìgbà tí oòrùn wọ̀, tí wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa, ni ọmọbìnrin mìíràn tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun wá tẹríba fún un. Ọdẹ́jìnmí tẹríba padà, ó sún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà tún tẹríba, ó tún sún sẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ìkíni tì í wọ inú àpótí irin, ó sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Iwin olójú-lọ́wọ́ ti dúró dè é níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ṣe é níbi, ó sì fi ọ̀nà ilé tó gba oṣù kan gbáko hàn án.

Obìnrin kan nu ojú. Lánihùn ti ká ọ̀bẹ rẹ̀ padà sápò. Àwẹ̀ró ń wo ọkọ rẹ̀ báyìí, ó kàn tẹjú mọ́ ọn ni.

Àjàgbé tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa. “Ó dùn,” ni ó wí. “Ọ̀rẹ́ mi, ta ló fọn fèrè fún ọ tí o fi sọ̀?”

Àjàgbé yíjú sí àgbà tó jókòó níwájú.

“Ọ̀tún Ọdẹ, ẹ bá mi bi í. Ta ló fọn fèrè?”

“Ẹnìkankan kò fọn ọ́n,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ariwo sọ láàárín àwọn ọdẹ. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: ó sọ̀kalẹ̀ láìgbọ́ fèrè, ẹnu rẹ̀ ti wọ omi. Àjàgbé gbé ọwọ́ sókè, ohùn rẹ̀ dùn bí ti oníwàásù. “Ó tún ní mo ju fèrè sómi. Èyí wá ń kọ́? Ẹja ilẹ̀ Jàpáànù ló gbé e wá fún mi ni?” Ó fa fèrè kan yọ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn tó ti ń nu ojú tún bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

“Bó bá jẹ́ tìrẹ ni, fọn ohùn ẹ̀yin méjèèjì,” ni Ọ̀tún Ọdẹ wí.

Àjàgbé gbé e sẹ́nu. Ó fọn ọ́n: ọ̀kan gígùn, méjì kúkúrú, bí àparò tó ń pe ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ohùn tí Ọdẹ́jìnmí fi etí ṣọ́ láti ọ̀sán di alẹ́ lórí ẹ̀gùn tó ga jù láyé ni. Ó wá dún wàyí, kedere, lábẹ́ igi apá. Ẹsẹ̀ ọdẹ kì í béèrè ìdí. Kí ọkàn Ọdẹ́jìnmí tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle. Àjàgbé sì gun orí pèpéle náà.

Níbi tí wọ́n ti kọjá lára ara wọn ni Ọdẹ́jìnmí ti rí ẹnu fèrè náà. Ehín iwájú Ọdẹ́jìnmí tó yọ síta ti jẹ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ehín náà ṣì wà níbẹ̀.

“Fèrè mi ni!” ló pariwo. “Fèrè mi ló fi pè mí!”

“Ó ti sọ̀! Ó ti sọ̀!” ni àwọn ará ìlú ń kígbe.

“Ẹ wo ojú ehín mi lára rẹ̀!”

“Ti Àjàgbé dùn ju tiyín lọ, bàbá!” ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. “Nínú tirẹ̀, dígí sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì ki oríkì rẹ̀!”

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ gba fèrè náà lọ́wọ́ Àjàgbé. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ẹnu ọkọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ni àwùjọ bá pín sí méjì. Àwọn kan ní kí wọ́n na Àjàgbé, ẹni tó bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Àwọn kan ní òfin ni òfin, ẹni tó sọ̀ ti sọ̀. Wọ́n di ara wọn lẹ́wù mú. Fìlà tuntun fò. Ọ̀tún Ọdẹ ń lu ọ̀pá mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ọdẹ́jìnmí àti Àjàgbé dúró ní méjèèjì lórí pèpéle báyìí, wọ́n di ara wọn lọ́rùn mú, àfi bí àwọn tó dì mọ́ra.

Ìyá Olúọ́dẹ dìde lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ. Ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́. Àwọn tó rí i kọ́kọ́ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì ràn káàkiri títí ó fi dé orí pèpéle. Àjàgbé tú ọwọ́ rẹ̀, ó tún ẹ̀wù ṣe. Ọdẹ́jìnmí nu ojú rẹ̀ nù, ó na ọrùn. Ìyá Olúọ́dẹ rìn gba àárín wọn kọjá, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wo Lánihùn, ó wo àwọn obìnrin apá òsì, ó wo gbogbo wọn títí dé ẹni tó kẹ́yìn.

“Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀nà oko,” ni ó wí. “Àwọn ọ̀bọ ti jẹ àgbàdo yín tán.”